Bàbá Kabaso àti Yàrá Mẹ́rin Ẹ̀yìnkùlé

Ní Mufulira, ìlú ìwakùsà kan ní Zambia, bí a bá ti dárúkọ Bàbá Kabaso, ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ni àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ sọ, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í sọ ọ́ bó ṣe rí. Wọ́n ní ó ru ilẹ̀kùn náà lórí lọ sí ọ́fíìsì ayánilówó. Kò rù ú lọ síbì kankan. Wọ́n ní òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Oṣù kẹjọ ni, òjò kì í sì í rọ̀ ní Mufulira lóṣù kẹjọ. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí.

Ìyá Bupe, aránṣọ tó ń gbé ọ̀kan nínú yàrá mẹ́rin tí Bàbá Kabaso kọ́ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, jẹ owó ilé oṣù méjì. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù, Bàbá Kabaso gbé irinṣẹ́ rẹ̀ jáde, ó yọ ìṣó àgbékọ́ ilẹ̀kùn Ìyá Bupe lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì gbé ilẹ̀kùn náà ti ara ògiri. Ohun tí àwọn onílé ń ṣe sí ayálégbé tí kò sanwó nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ ti sọ fún un pé kó má yọ ọ́. Ìdí nìyẹn tó fi yára yọ ọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá," ni Ìyá Bupe wí. Ó ti pọn ọmọ, ó sì gbé báàgì ọjà lọ́wọ́. "Ṣé ẹ ti ṣe tán?"

"Mo ti ṣe tán. Ọjọ́ tí o bá sanwó ni wàá rí ilẹ̀kùn."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo ń lọ ra aṣọ lọ́jà. Máṣìn mi wà nínú ilé, yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ mẹ́rìnlá wà nínú ilé. Bí abẹ́rẹ́ kan bá sọnù níbẹ̀, lọ́wọ́ yín ni màá ti gbà á."

"Lọ́wọ́ tèmi kẹ̀?"

"Ta ló wá ṣílẹ̀kùn fún olè? Èmi ni?" Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Aago mẹ́wàá ni Bàbá Kabaso ní àdéhùn pẹ̀lú Ọ̀gbẹ́ni Sikazwe, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ tó yá a lówó tó fi kọ́ yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ì bá dá ilẹ̀kùn náà padà kó sì máa lọ, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó káwọ́ gbera, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Bàbá Kabaso gbé àga, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá aránṣọ.

Kò pẹ́ tí obìnrin kan fi dé. "Aránṣọ dà?"

"Ó lọ sọ́jà."

"Ẹ̀yin wá ńkọ́?"

Bàbá Kabaso ronú díẹ̀. "Èmi ni ilẹ̀kùn," ló wí.

Ọ̀sẹ̀ tí iléèwé yóò wọlé ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ìyá ọmọ kò sì dẹ́kun wíwá. Ó ń fún wọn ní yúnífọ́ọ̀mù, ó ń gba ìyókù owó. Obìnrin kan fẹ́ kó yọ ogún kwacha kúrò fún òun, ó ní òwò kò dáa. Bàbá Kabaso, tí àwọn ayálégbé ti fi ọ̀rọ̀ yìí kan náà bẹ̀ láti ọdún méjì, wò ó tìyanutìyanu. "Ìyá, òwò ta ló dáa?" Obìnrin náà san gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Sikazwe gun alùpùpù rẹ̀ dé ní aago mẹ́ta, ó bá a lórí ìkúnlẹ̀, téèpù wà lọ́rùn rẹ̀, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń wọn àyà ọmọdébìnrin kan.

"Bàbá, aago mẹ́wàá la jọ fi sí."

Bàbá Kabaso na ìka kan sókè pé kó dúró. Ó wọn àyà tán, ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu.

"Ṣé iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi san gbèsè wa nìyí?" ni Sikazwe bi í.

"Rárá o. Iṣẹ́ tí mo fi ń sin gbèsè tèmi ni."

Nígbà tí Ìyá Bupe dé nírọ̀lẹ́, Bàbá Kabaso ka ẹgbẹ̀fà kwacha lé e lọ́wọ́, ó sì ṣàlàyé ẹni tó san èyí àti ẹni tó san tọ̀hún. Ìyá Bupe pín in sí méjì dọ́gba, ó fún un ní ẹgbẹ̀ta fún oṣù kan. "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ mọ ọjà tà. Ẹ wá bá mi gbé ilẹ̀kùn yẹn sáyè rẹ̀." Ó gbé e sáyè rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní láti ìgbà tí òun ti mọ̀ ọ́n, òun kò tíì rí i kó ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nítorí ẹgbẹ̀ta kwacha tó jẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Winstone Chisenga ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Kabaso ni àkọ́bí rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní Solwezi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá náà fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ ilẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wa bàbà. Òun ló ń gé igi tí wọ́n fi ń gbé àpáta ró lókè orí àwọn yòókù. Nítorí náà, kò wọ ilé ẹnikẹ́ni rí láìkọ́kọ́ fi ọ̀pá kan àjà ilé náà, kó tẹ́tí sí bó ṣe dún, kó tó kí onílé. Ó kan àjà pásítọ̀. Ó kan àjà àwọn àna rẹ̀ lọ́jọ́ ìtọrọ ìyàwó ọmọ rẹ̀.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ lọ yáwó náà, ó kan àjà ọ́fíìsì Sikazwe. Èérún kan já bọ́ láti òkè, ó bà lé fọ́ọ̀mù tí Sikazwe ń kọ níbi tí wọ́n ti béèrè bóyá ilé ayáwó lágbára. Bàbá Kabaso tọ́ka sí i. "Tèmi lágbára," ló wí. "Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Tiyín ni mi ò lè jẹ́rìí sí."

Ilé tó fi dúró fún owó náà ni ilé tí iléeṣẹ́ ìwakùsà tà fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn nígbà tí wọ́n ń dín ènìyàn kù. Inú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ni wọ́n ti yọ owó ilé ọ̀hún, ìyókù kò sì ju ohun tí ènìyàn lè fi ra kẹ̀kẹ́ lọ. Ilé náà ni gbogbo èrè ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n yẹn. Báǹkì kò yá a lówó nítorí pé kò gbowó oṣù mọ́. Iléeṣẹ́ Sikazwe yá a, èlé wọn ga, ìwé ilé sì wọ inú àpótí irin wọn.

Ibi tí àṣìṣe rẹ̀ kan ṣoṣo ti wá ni pé ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni iléeṣẹ́ ìwakùsà máa ń sanwó. Ó gbàgbọ́ tọkàntọkàn pé ọjọ́ yẹn ni owó máa ń dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹ̀dá. Ó ní kí àwọn ayálégbé máa san tiwọn lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó sì fọwọ́ sí ìwé pé ọjọ́ yẹn ni òun yóò máa san gbèsè. Bẹ́ẹ̀, ìgbà tí iléèwé bá fẹ́ wọlé ni owó Ìyá Bupe máa ń dé. Tọkọtaya tó ń ta èédú ní yàrá kejì, ìgbà òjò lọjà wọn ń yá. Lameck tó ń ṣọ́ ilé ìtajà, ọ̀gá rẹ̀ lè di owó oṣù mẹ́ta mú, kó sì san án lẹ́ẹ̀kan. Yàrá kẹrin ṣófo. Ó ń dúró de Kabaso tí kì í wálé.

Ọ̀rọ̀ Lameck ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gbajúmọ̀ tó ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí gbèsè rẹ̀ di ti oṣù mẹ́ta, Bàbá Kabaso ní òun yóò jẹ owó òun ní oúnjẹ. Lọ́sàn-án gangan ó wọlé, ó kan àjà, ó jókòó. "Àwo kan, ogún kwacha," ló wí. Lameck kò jiyàn. Ó ro ubwali, oúnjẹ ìyẹ̀fun àgbàdo, ó se ẹja kapenta, wọ́n jọ jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ kẹrin, Lameck ní ẹja ti tán. Bàbá Kabaso bu ẹja wá láti ilé. Lọ́jọ́ kẹfà, ìyẹ̀fun tán.

"Ìyẹ̀fun mi ń lọ sílẹ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "owó Lameck kò sì kúrò lójú kan. Ta ló ń jẹ ta báyìí?"

"Ó mọ ẹja sè," ni Bàbá Kabaso dáhùn.

Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà dé láti iléeṣẹ́ ayánilówó. Bí ó bá fi máa di òpin oṣù kọkànlá tí kò tíì san oṣù mẹ́ta tó jẹ, wọn yóò ta ilé náà. Ó lọ bá Sikazwe. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun máa san púpọ̀ nígbà tí iléèwé bá wọlé àti nígbà òjò, kí òun sì máa san díẹ̀ láàárín.

"Bàbá, kì í ṣe pé mi ò fẹ́," ni Sikazwe wí. "Àwa náà yáwó níbìkan. Àwọn yẹn ò mọ̀ pé òjò ń rọ̀."

Ó fẹsẹ̀ rìn padà sílé. Ó wọlé, ó jókòó, kò kan nǹkan kan. Ìgbà yẹn ni ìyàwó rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti burú.

"Lọ́jọ́ tí mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà aránṣọ yẹn," ló sọ nígbà tó yá, "mo rí bí owó ṣe ń dé. Ogún. Àádọ́ta. Obìnrin kan tú owó wẹ́wẹ́ láti inú aṣọ ìnujú. Kò sí èyí tó béèrè ọjọ́ tí oṣù jẹ́."

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀?" ni ìyàwó rẹ̀, Ìyá Kabaso, wí. "Kí lẹ rò pé a ń fi chilimba ṣe?"

Chilimba ni àjọ tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ń dá. Lọ́jọ́ Àìkú, Ìyá Kabaso pe àwọn ayálégbé jọ sábẹ́ igi máńgòrò. Ó ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa mú ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá ká wá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tí ọjà rẹ̀ bá ń yá á gbé ẹni tí tirẹ̀ kò yá. Nígbà tí ti ẹni yẹn náà bá dé, á dá a padà. Gbèsè ilé ni wọn yóò máa fi san lọ́jọ́ tó bá pé, owó ilé ẹnì kọ̀ọ̀kan náà sì nìyẹn.

Ojú ti Bàbá Kabaso. "Ayálégbé ló máa wá gba onílé sílẹ̀?"

"Bí wọ́n bá ta ilé yìí, Bàbá," ni Ìyá Bupe wí, "onílé tuntun náà á máa yọ ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ta ló máa bá mi ta yúnífọ́ọ̀mù?"

Onílé àti ìyàwó rẹ̀ kó lọ sí yàrá kẹrin, wọ́n sì fi ilé ńlá háyà fún nọ́ọ̀sì kan àti ẹbí rẹ̀. Ìyá Kabaso ló ń gba owó àjọ, kò sì yọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀: òun náà gbọ́dọ̀ máa mú nǹkan wá látinú iṣẹ́ káfíńtà tó ń ṣe. Ọ̀sẹ̀ kẹta péré ló ti wá ń họ orí.

"Ẹni tí mo ṣe tábìlì fún kò tíì sanwó."

"Lameck sọ bẹ́ẹ̀ lóṣù tó kọjá," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "tirẹ̀ sì ṣeé gbọ́ sétí ju tiyín lọ."

Àwọn kan ń sọ pé ìyàwó rẹ̀ yọ ilẹ̀kùn tirẹ̀ náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú yàrá kan náà ni wọ́n jọ ń sùn. Oúnjẹ ló fi dù ú, ọjọ́ kan péré, ó sì lọ jẹun lọ́dọ̀ Lameck.

Wọ́n san oṣù mẹ́ta tó wà nílẹ̀ nígbà tí oṣù kọkànlá ku ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà wọ́n san ọdún méjì gbáko. Kò rọrùn, ìgbà kan wà tí Ìyá Bupe fi máṣìn rẹ̀ dógò fún ọ̀sẹ̀ kan, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Bàbá Kabaso gbọ́, ó fi igi mukwa kan àpótí tó rẹwà fún máṣìn náà, ó sì bú u pé kò lọ́gbọ́n lórí.

Bàbá Kabaso kú lóṣù keje ọdún kejì náà, nígbà òtútù. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí ti ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣiṣẹ́ lábẹ́ ilẹ̀. Ó ku oṣù márùn-ún kí gbèsè tán. Ọ̀gbẹ́ni Sikazwe wá síbi òkú, ó jókòó láàárín àwọn ọkùnrin, kò dárúkọ owó. Ìyá Kabaso ń wò ó láti òkèèrè, ẹ̀rù ń bà á. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé ìsìnkú, kó tó lè pe ẹnikẹ́ni, àwọn ayálégbé ti wà lábẹ́ igi máńgòrò, owó wà lọ́wọ́ wọn. Lameck ló kọ́kọ́ dé. Ó mú ti ara rẹ̀ wá, ó sì mú ti Bàbá Kabaso wá. "Ó ti jẹun púpọ̀ lọ́dọ̀ mi," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n máa san tirẹ̀ lọ."

Lóṣù kejìlá, Ìyá Kabaso àti Ìyá Bupe lọ sí ọ́fíìsì. Sikazwe gbé ìwé ilé jáde látinú àpótí irin, ó tẹ òǹtẹ̀ sí i, ó sì fi ibi tí wọ́n ń fọwọ́ sí han Ìyá Kabaso.

"Kọ́kọ́ kà á fún mi," ni Ìyá Kabaso wí.

"Ṣé ẹ ò rí i kà ni, Ìyá?"

"Mo rí i. Etí ni mo fẹ́ fi gbọ́ ọ."

Sikazwe kà á: "Ilé Winstone Chisenga. Kò sí gbèsè kankan lórí rẹ̀."

"Tún un kà."

Ìyá Bupe rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Sikazwe dìde dúró, ó tún ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, sókè, kedere, bí ẹni tó ń bá àgbàlagbà tí kò gbọ́rọ̀ dáadáa sọ̀rọ̀. Ìyá Bupe kò rẹ́rìn-ín mọ́; ó yíjú sí fèrèsé.

"Ó ti tó," ni Ìyá Kabaso wí. Ó fa kálámù náà mọ́ra. "Bàbá Kabaso ti gbọ́."