Olè Inú Adágún Ẹkúndayọ̀

Ẹkúndayọ̀ ará Iléṣà kì í mu omi láìkọ́kọ́ wo inú ife. Ìbáà ṣe ìyá tó bí i ló bu omi náà fún un, yóò gbé ife sókè, yóò yí i síbìí, yóò yí i sọ́hùn-ún, kó tó gbé e sẹ́nu. Ẹ má dá a lẹ́bi jù. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe òṣómàáló, tó ń gbé aṣọ ká ìlú onílùú, tó ń tà á láwìn. Bí ọjọ́ bá pé, yóò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà rẹ̀, kò ní jókòó, kò ní dìde, títí onítọ̀hún yóò fi jáde níbi tó sá pamọ́ sí. Ìfura loògùn àgbà, bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé oògùn tí a bá lò jù a máa di májèlé.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó gbẹ́ adágún kékeré sẹ́yìnkùlé, láàrin òdòdó àti ẹ̀fọ́, ó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, ó sì kó ẹ̀pìyà sí i. Kì í ṣe fún jíjẹ, ó kàn fẹ́ràn kó máa wò wọ́n ni. Lọ́dún tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì wá sí Nàìjíríà, àwọn ẹja náà bímọ, omi kún fún ọmọ ẹja tín-ín-tín. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù.

Ta ló ń kó wọn? Ẹkúndayọ̀ ò wò jìnnà. Rẹ̀mílẹ́kún, ìyàwó Bánjí ọmọ rẹ̀, ló ń bá a gbé, nítorí Ìpetu ni Bánjí ti ń ṣe tíṣà. Àràárọ̀ ni ọmọbìnrin náà ń fi abọ́ bu omi adágún wọ́n ẹ̀fọ́. Ó lóyún, ẹnu aboyún ò sì ṣeé fọkàn tán. Èyí tó wá burú jù lójú bàbá ni pé ọmọ Òṣogbo ni. Ìlú tí wọn kì í ti í jẹ ẹja odò Ọ̀ṣun, tí ẹja á máa fò lójú wọn tí wọn á kàn máa wò ó: bí ọmọ irú ìlú bẹ́ẹ̀ bá rí ẹja tí kò ní èèwọ̀, kí lẹ rò pé yóò ṣe? Báyìí ló rò ó, ó sì dá a lójú bí ẹni pé ó fojú rí i.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Bó bá ti ibi adágún bọ̀, bàbá á wo ọwọ́ rẹ̀. Bó bá dáná, bàbá á rìn kọjá lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná lẹ́ẹ̀mẹrin, á máa fimú fínlẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún rí i, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Àfi lọ́jọ́ tí bàbá wọlé, tó ṣí ìkòkò ọbẹ̀ lórí iná, tó sì fi ìgbakọ tú u dé ìsàlẹ̀. Ilá lásán ló bá níbẹ̀. Ọmọbìnrin náà gba ìgbakọ lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́, ó dé ìkòkò padà, ó di ẹrù, ó wọ ọkọ̀ Òṣogbo. Bánjí ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ pé bí ìyàwó òun ò bá padà kó tó bímọ, òun náà ò ní fẹsẹ̀ tẹ ilé náà mọ́. Ọmọ-ọmọ àkọ́kọ́ tí Ẹkúndayọ̀ ì bá gbé lọ́wọ́ láyé nìyẹn.

Ó dùn ún, àmọ́ ó ń tu ara rẹ̀ nínú pé ó kéré tán, olè ti lọ. Ẹja ò gbọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún ń dín kù. Ìgbà yìí ni àyà rẹ̀ já.

Ó ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe: ó lóṣòó sétí adágún láti àárọ̀ títí oòrùn fi kàn án látàrí. Lọ́jọ́ kẹta, ohun kan tó ti rò pé ewé jíjẹrà ni mira nínú ẹrẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́fà ló ní. Ọmọ ẹja kan wẹ̀ kọjá. Nǹkan kan yọ lábẹ́ àgbọ̀n kòkòrò náà bí apá, ó gán ọmọ ẹja mú, ó fà á sẹ́nu.

Wolé-wolé tó ń yẹ àmù wò ládùúgbò yà wá wò ó, ó ní tanwíjí ni, kí bàbá da kẹrosíìnì sómi. Ẹkúndayọ̀ fura sí òun náà. Tanwíjí tó mọ̀ kò lẹ́sẹ̀, ńṣe ló máa ń dorí kodò lójú omi, kò sì pa ẹja rí. Ó mú kòkòrò náà sínú ìgò ẹlẹ́nu gbàrà, ó ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, ó ń fi tanwíjí bọ́ ọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, kòkòrò gun igi jáde nínú omi, ẹ̀yìn rẹ̀ là, lámilámi sì yọ jáde níbẹ̀. Lámilámi lásán, tí gbogbo ọmọdé ń lé kiri.

Ojú tì í débi pé kò lè jẹun. Ó fi aṣọ ìnujú di awọ tí kòkòrò náà bọ́ sílẹ̀, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Òṣogbo. Ní ilé Béjidé, bàbá Rẹ̀mílẹ́kún, wọ́n gbé àga fún un. Kò jókòó. Ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà, ó tú aṣọ ìnujú náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Àwọn ará ilé ń wo ara wọn, wọ́n ń rò ó pé ta ló ra aṣọ àwìn.

“Àna mi,” ó ní, “lónìí, èmi ni mo jẹ gbèsè. Olè tí mò ń wá rè é. Mo purọ́ mọ́ ọmọ yín. Mi ò ní dìde títí yóò fi dá mi lóhùn.”

Rẹ̀mílẹ́kún jáde, ọwọ́ rẹ̀ lórí oyún. Ó wo awọ kòkòrò náà pẹ́.

“Bàbá,” ó ní, “bí ẹ ò bá rí èyí ńkọ́? Ṣé èmi náà lẹ ó ṣì máa pè lólè?”

Ẹkúndayọ̀ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ ò sì wá sí i lẹ́nu. Ara kì í ṣe ti àtijọ́ mọ́, ṣùgbọ́n kò dìde.

Ọmọbìnrin náà wọlé. Nígbà tó jáde padà, ife omi ló gbé dání. Ó kúnlẹ̀, ó gbé e fún un, ó sì tẹjú mọ́ ọn. Ẹkúndayọ̀ gba ife náà. Ọwọ́ rẹ̀ ti gbé e sókè tán kó yí i wò, kó tó rántí. Ó dijú, ó sì mu omi náà tán.