Tẹ́sítà Tó Purọ́ fún Wa ní Èjìnrìn

Èmi ni mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé kò sí iná lára wáyà náà. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kejì, mo gbé tẹ́sítà tí a fi ń mọ̀ bóyá iná wà sókè kó lè fojú ara rẹ̀ rí òdo tó wà lójú rẹ̀, ó sì na ọwọ́.

Iṣẹ́ fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ni àwa méjèèjì ń ṣe. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà la ti kọ́ ọ ní Òṣogbo, a sì jọ kó wá sí Ìkòròdú ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, inú ẹ̀sítéètì la ti máa ń ṣiṣẹ́, nílé àwọn tó ń jáde lọ sí Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́, tí wọ́n á fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún wa lọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ìyá kan tó ń ta ẹja ló pè wá láti Èjìnrìn. Ó ní yàrá tútù kékeré kan lẹ́bàá ọ̀sà, níbi tó ń kó ẹja pa mọ́ sí títí di ọjọ́ ọjà. Ẹ̀rọ yàrá náà ti dákẹ́ láti àná, ẹja sì kún inú rẹ̀. Nígbà tí a débẹ̀, omi ti ń ṣàn jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ìyá náà dúró tì wá, kò jókòó.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bá mi ṣe é kíá. Tó bá fi di ìrọ̀lẹ́, ó ti bàjẹ́ nìyẹn."

Ó fi súìṣì kan hàn wá lára ògiri, a sì pa á. Ẹ̀rọ náà kò kúkú ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, nítorí náà kò sí ariwo kankan tó máa dákẹ́ kí a fi mọ̀ pé iná ti lọ. Tẹ́sítà mi nìkan ló lè sọ fún wa. Mo fi ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì kan wáyà. Òdo.

"Ó dá ẹ lójú?" ọ̀rẹ́ mi ní.

"Òdo ni. Wò ó."

Bó ṣe fọwọ́ kàn án báyìí, gbogbo ara rẹ̀ le. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ohùn kò jáde, ọwọ́ rẹ̀ kò sì kúrò lára wáyà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi. Mo fẹ́ dì mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìyá náà gbá ẹ̀wù mi mú, ó fà mí sẹ́yìn. "Má fọwọ́ kàn án. Ìwọ náà á kú." Pákó gbígbẹ kan wà lórí àpótí ẹja. Mo fi gbá apá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo tún gbá a, kó tó já kúrò, tó sì ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Fún ìgbà díẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá ó ń mí. Nígbà tó wúkọ́, ó pe orúkọ mi.

Mọ́tò tí wọ́n fi ń kó ẹja la fi gbé e lọ sí ọsibítù ní Ẹ̀pẹ́. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ń lù dáadáa, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ méjì ti jó, wọ́n sì ní kó ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn títí di ọjọ́ kejì. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, mo fi tẹ́sítà náà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ fóònù rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Òdo. Mo tẹ wáyà ọ̀pá pupa kọrọdọ, nọ́ńbà fò sókè. Mo jọ̀wọ́ rẹ̀, ó padà di òdo. Wáyà náà ti já nínú rọ́bà, níbi tí ojú kò lè rí.

Ohun tí mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà ni pé mo ti rí i tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, nínú ilé kan ní Ìkòròdú, nọ́ńbà rẹ̀ ti ń fò bẹ́ẹ̀. Mo gbọ̀n ọ́n, ó padà sípò, mo sì tì í bọ àpò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ sí Ìpakodò, sọ́dọ̀ bàbá kan tó ti tún ẹ̀rọ yìnyín ṣe títí ó fi dàgbà, tó wá ń ta irinṣẹ́ báyìí.

"Bàbá, èwo ni kò ní purọ́ nínú àwọn tẹ́sítà yín?"

Ó wò mí dáadáa. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mo ròyìn fún un. Kò bá mi wí. Ó to mẹ́ta sórí tábìlì, ó sì ń tẹ wáyà wọn níkọ̀ọ̀kan. Ti àkọ́kọ́ le gbagidi, ó tì í sẹ́yìn. Ó ṣí ẹ̀yìn ìkejì, ó wo fíúùsì inú rẹ̀. "Èyí dára fún ẹni tó ń tún rédíò ṣe. Kò lè gba iná ẹ̀rọ tí ẹ̀yin ń ṣí." Ìkẹta ló gbé lé mi lọ́wọ́. Rọ́bà rẹ̀ nípọn, ọ̀pá rẹ̀ ní etí tí kò jẹ́ kí ìka yọ̀ síwájú, ó sì ní ẹnu tó ń ṣí bí ẹ̀mú, tí a lè fi há wáyà láti mọ bí iná tí ẹ̀rọ ń fà ṣe pọ̀ tó.

"Èyí náà lè purọ́ lọ́la," ó ní. "Ibi tó o mọ̀ pé iná wà ni kó o kọ́kọ́ fi kàn. Lẹ́yìn náà, ibi tó o fẹ́ fọwọ́ kàn. Lẹ́yìn ìyẹn, padà sí ibi àkọ́kọ́. Tí kò bá sọ òótọ́ nígbà kẹta, má gba èyí tó sọ nígbà kejì gbọ́."

Mo gba Èjìnrìn lọ lọ́jọ́ náà, èmi nìkan. Ìyá náà ti ń yan èyí tó lè yan nínú ẹja rẹ̀ lórí iná igi. Mo fi tẹ́sítà tuntun náà kan sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé rẹ̀, iná wà. Súìṣì tí a pa lánàá ṣì wà ní pípa, mo fi kan wáyà ẹ̀rọ. Iná ṣì wà. Mo tẹ̀ lé wáyà náà gba orí àjà títí dé ilé tó wà lẹ́yìn, níbi tí ẹni tó kọ́kọ́ ni yàrá náà ti fà á wá láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo pa súìṣì ibẹ̀. Mo tún fi kan sọ́kẹ́ẹ̀tì: iná wà. Ẹ̀rọ: òdo. Sọ́kẹ́ẹ̀tì: iná wà.

Síbẹ̀, ọwọ́ mi kọ̀. Ìyá náà ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà. Ó pẹ́ kí n tó fi ẹ̀yìn ìka kan wáyà náà. Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ojú ibi tí wọ́n ti so wáyà kan ló ti jó. Mo gé e, mo tún un so, mo lọ tan iná padà, ẹ̀rọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi nílé rẹ̀ ní Ìkòròdú, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"O ti mọ̀ pé tẹ́sítà yẹn kò dáa?"

"Mo ti mọ̀."

Ó ń wo ìka rẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì wé. Mo rò pé ó máa ní kí n jáde. Nígbà tó yá, ó ní kí n mú tẹ́sítà tuntun náà wá. Ó fi ọwọ́ òsì rẹ̀ tẹ wáyà méjèèjì síwá sẹ́yìn, ó fi bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó yọ ọ́, ó tún fi bọ ọ́.

"Màá padà sẹ́nu iṣẹ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n tó o bá ti yẹ wáyà wò tán, kó o gbé tẹ́sítà fún mi, kí èmi náà yẹ̀ ẹ́ wò."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é títí di òní. Kò tún bi mí mọ́ bóyá ó dá mi lójú.