Ògiri tí Mo Mọ sí Ibi Mọ́tò Bàbá

Òórùn ọ́ìlì mọ́tò ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa ní Odòde, kódà lẹ́yìn tí mọ́tò fúnra rẹ̀ ti lọ. Ọ́ìlì náà ti wọ inú sìmẹ́ǹtì ilẹ̀, ó sì fi àbàwọ́n dúdú kan sílẹ̀ tó fẹ̀ tó àtẹ. Bí òjò bá ń ṣú, tí atẹ́gùn bá gba ẹ̀yìn òkè wá, òórùn yẹn á dàpọ̀ mọ́ ti kòkó tí àwọn aládùúgbò sá síta, á sì dà bí ẹni pé Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì ni. Páànù ló wà lórí ibi tí Bàbá máa ń gbé mọ́tò sí, òpó méjì dúró níwájú, ògiri ilé wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta tó kù sì ṣí sílẹ̀ gbayawu sí ọ̀nà tó lọ sí Atosin.

Mo parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ní Òkè Ọya ní nǹkan bí ìgbà tí àwọn sójà gbé ìjọba fún alágbádá, mo sì padà wálé láti dúró de lẹ́tà iṣẹ́. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu Bàbá kí n tó dé. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ ti lọ lẹ́nu wọn, a sì ti ta mọ́tò. Dókítà tó tọ́jú wọn ní Àkúrẹ́ sọ fún Màmá pé ara lè má padà sípò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ṣì lè padà bí wọ́n bá ń sọ ọ́ lójoojúmọ́. Gbogbo ìrètí wa kò ju ìyẹn lọ. Láràárọ̀, èmi àti àbúrò Bàbá á gbé wọn sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn mẹ́sàn-án iwájú ilé (ìwọ náà mọ bí ilé ìdí òkè ṣe máa ń ga kúrò nílẹ̀), a ó sì gbé wọn jókòó sí abẹ́ páànù yẹn.

Obìnrin kan wà, ìyàwó ilé kejì sí wa, tí ọdún tó fi jù mí lọ kò lè ju mẹ́ta lọ. Ó ń gba iwájú ilé wa lọ sóko láàárọ̀, á sì padà nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lórí. Kì í dúró. Á kàn dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀, á ní, “Bàbá onímọ́tò, ẹ kú ìjókòó o! Mọ́tò yín dà?”

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, Bàbá kàn ń wò ó ni. Lẹ́yìn náà, ètè wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mò ń ka ìwé ìròyìn nítòsí, mo gbọ́ ohùn kan tí mi ò tètè mọ̀ pé ti Bàbá ni.

“Ó lọ... Àkúrẹ́.”

Obìnrin náà kígbe, ó sì yára fi ọwọ́ di apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mú. “Háà! Ó lọ Àkúrẹ́, kò sì gbé mi! Ahun ni yín o, Bàbá!”

Bàbá fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín. Màmá sá jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú ọmọrogùn lọ́wọ́, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n sì sunkún.

Láti ọjọ́ náà, mọ́tò wa ń rin ìrìn àjò lẹ́nu Bàbá. Ó lọ Oǹdó, ó lọ Aládé, taya rẹ̀ jò lọ́nà. Nígbà tí òjò ọdún náà yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í le, Bàbá ti lè dárúkọ Màmá.

Èmi ni mo ní kí a mọ ògiri yí ibẹ̀ ká. Mo kọ àwọn ìdí mi sínú ìwé: òjò ń fẹ́ sí wọn lára, gbígbé wọn lórí àtẹ̀gùn léwu, èmi náà kò sì ní í pẹ́ lọ síbi iṣẹ́, bí a bá mọ ọ́n, á di yàrá, a kò sì ní máa gbé wọn gun àtẹ̀gùn mọ́. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Èyí tí mi ò kọ ni pé itọ́ máa ń dà lẹ́nu Bàbá, gbogbo ẹni tó ń kọjá sì ń rí i, títí kan àwọn tí a jọ kàwé. Ojú ń tì mí.

“Bí o bá dí i, ta ni yóò máa kí wọn?” Màmá bèèrè.

“Ilẹ̀kùn á wà, Màmá. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọn á wọlé.”

Wọ́n wò mí títí. “Ìwọ lo kàwé,” ni wọ́n wí.

Bíríkìlà tí mo pè bèèrè ibi tí fèrèsé yóò wà. Mo ní kó gbé e sókè, kí òjò má bàa rí ọ̀nà wọlé. Ó rẹ́rìn-ín. “Búrọ̀dá, kòkó nìkan la máa ń kọ́ irú èyí fún o.” Ọjọ́ mẹ́ta ló fi parí iṣẹ́. A tẹ́ bẹ́ẹ̀dì Bàbá sórí àbàwọ́n ọ́ìlì yẹn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ènìyàn wá, wọ́n jókòó, wọ́n mu omi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹsẹ̀ wọn dín. Ìgbà yẹn ni mo tó rí ohun tí kò sí nínú ìwé mi. Ẹni tó ń kí ènìyàn látojú ọ̀nà kò ní láti sọ ẹrù rẹ̀. Bó bá fẹ́ wọlé, ó ní láti rí ẹni tí yóò sọ̀ ọ́, kó sì tún rí ẹni tí yóò gbé e rù ú padà. Bàbá kò lè ṣe é. Ẹni náà tún gbọ́dọ̀ ní ìdí tó fi wá, nítorí ẹni tó wọlé ti di àlejò.

Mo wà nínú yàrá náà ní ìrọ̀lẹ́ kan nígbà tí obìnrin yẹn kígbe láti ìta, “Bàbá onímọ́tò, ẹ kú ìjókòó o!” Bàbá la ẹnu. Ohùn kan jáde tí kò lè kọjá ìdí bẹ́ẹ̀dì. Obìnrin náà dúró díẹ̀ lóde, a sì gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ti ń lọ. Mo lè sáré jáde. Mo rò pé yóò wọlé lọ́jọ́ mìíràn. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ nìkan la ń gbọ́.

Ọ̀rọ̀ Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Aládé ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà Oǹdó. Orúkọ Màmá ló lọ kẹ́yìn. Mo lọ bẹ obìnrin náà, ó sì wá ní ọjọ́ Ìsinmi kan láti ṣọ́ọ̀ṣì, láìru nǹkan kan. Ó jókòó sórí àpótí, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé aláìsàn. “Bàbá onímọ́tò, mọ́tò yín dà?”

Bàbá wò ó, wọ́n sì yí ojú sí ògiri.

“Ó pẹ́ níbi tó lọ lọ́tẹ̀ yìí,” obìnrin náà wí, ó sì dìde.

Mo ní kí bíríkìlà padà wá lu fèrèsé ńlá sójú ọ̀nà. Àwọn ènìyàn tún ń kí Bàbá láti ibẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá kò yí orí sí ẹnikẹ́ni mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wà títí ọyẹ́ ọdún kejì fi dé, tí wọ́n fi kú. Màmá kò fi ọ̀rọ̀ náà dá mi lẹ́bi rí. Ì bá sàn kí wọ́n ti dá mi lẹ́bi.

Mo ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò síwá sẹ́yìn. Àrùn náà lè tún ti kọlù wọ́n lẹ́ẹ̀kejì láìjẹ́ pé a mọ̀. Dókítà sọ pé ó ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, mi ò lè sọ pé ògiri ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Bàbá. Ohun tó dá mi lójú ni pé ọ̀rọ̀ ń bọ̀ nígbà tí ibẹ̀ ṣí sílẹ̀, èmi ni mo sì dí i. Báyìí, bí mo bá ń kọjá níwájú ilé tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀, mo máa ń kí àwọn tó wà nínú ilé náà, mo sì máa ń dúró ju bó ti yẹ lọ, bóyá ẹnì kan ń wá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nínú ibẹ̀. N kò tíì gbọ́ ìdáhùn rí.