Ẹlẹ́ṣin Tó Gbé Ife

Èmi ni mo ba ilé àbúrò mi jẹ́. Mi ò lu ìyàwó rẹ̀, mi ò fi nǹkan kan sínú ọbẹ̀ rẹ̀, mi ò sì ṣòfófó láàárín àwọn méjèèjì. Àwòrán kan ló jáde, mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀, mo sì pa ẹnu mi dé. Ọjọ́ ogbó ni mo tó kọ́ ìwé ní ilé ìjọsìn, àwọn ọmọdé ń fi mí rẹ́rìn-ín pé arúgbó ń pe a, b, d. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo fẹ́ kọ yìí kò ṣeé bẹ ẹlòmíràn kọ.

Abúlé wa kò jìnnà sí Erunmu. Ẹni tó bá jẹun àárọ̀ kó tó gbéra, ebi ò tíì ní í pa á tí yóò fi dé ọjà ibẹ̀. Ilé bàbá mi ni mò ń gbé. Mo ti lọ́kọ rí, mo bí ọmọ méjì fún un, àwọn méjèèjì kú, ó ní kí n máa lọ. Obìnrin tó bá ti ilé ọkọ padà wá jókòó sílé bàbá rẹ̀, ilémosú là ń pè é, kò sì sẹ́ni tó ń fẹ́ gbọ́ orúkọ náà lójú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ilé bàbá mi, ọkọ ni mo jẹ́ fún gbogbo ìyàwó tí wọ́n gbé wọlé. Bí mo bá ní kí wọ́n dìde, wọ́n á dìde. Mo lo agbára yẹn dáadáa, kí n má purọ́.

Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, lọ fẹ́ ọmọ àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun lé wá sí agbègbè wa. Ọmọ náà lẹ́wà, ó mọṣẹ́, ó sì mọ̀ pé òun lẹ́wà. Bàbá bàbá rẹ̀ ti jọba ìlú kékeré kan lápá òkè rí. Nígbà tí àwọn ìjòyè kọ ọba náà, wọ́n gbé igbá ọlọ́mọrí ránṣẹ́ sí i. Ó ṣí i, kò bá nǹkan kan nínú rẹ̀, ó sì yé e. Ó dágbére fún àwọn olorì, ó wọ yàrá lọ, kò jáde mọ́. Láti ìgbà náà, nínú ìdílé tiwọn, ẹnikẹ́ni kì í gbé igbá tó ní ọmọrí lé ẹnìkejì lọ́wọ́. Bí ìyàwó yìí bá gbé oúnjẹ wá fún mi, yóò kọ́kọ́ ṣí ọmọrí sílẹ̀, eṣinṣin á sì máa bà lé e. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Mo ní, "Ìyàwó, a ò jọba níbí o, ẹ̀kọ lásán la fẹ́ jẹ."

Lọ́jọ́ kan létí odò, yẹ̀yẹ́ náà sú u. Ó sọ ọ́ sétí gbogbo obìnrin tó ń pọnmi pé àbí ẹ ò rí nǹkan, ẹni tí ilé ọkọ lé jáde ló ń kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń gbélé ọkọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo gbé omi mi, mo lọ sílé, mi ò sì gbàgbé.

Kò pẹ́ sígbà náà ni àbúrò mi tẹ̀lé olórí ogun kan láti Ìbàdàn. Òjò ọdún méjì rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, a ò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn méjì tí wọ́n jọ jáde lábúlé ti padà dé. Wọn ò rí òkú rẹ̀, wọn ò sì rí i láàyè. Ìyàwó rẹ̀ ń gbá yàrá rẹ̀ ní àràárọ̀. Ọbàkan wa kan wà, tó kéré sí àbúrò mi, tó ń ká ọwọ́ sẹ́yìn rìn kọjá níwájú yàrá náà ju bó ti yẹ lọ. Bí wọ́n bá ní àbúrò mi kú, òun ni ilé yóò ṣú opó fún. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, obìnrin náà pàápàá mọ̀ ọ́n. Ó sọ fún mi pé kàkà kí òun bọ́ sí ọwọ́ ọkùnrin yẹn, òun á dúró de ọkọ òun di ọjọ́ ogbó. Ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ mọ̀ láyé ni bóyá ọkọ rẹ̀ ń bọ̀.

Ní àgbàlá kejì ni ìyá kan ń gbé tí à ń pè ní Ìyá Àgùdà. Wọ́n jí i gbé ní kékeré, wọ́n tà á kọjá òkun, ó sinrú níbẹ̀ títí ó fi ra ara rẹ̀ padà. Ó wọkọ̀ wá sí Èkó, ó sì béèrè ọ̀nà láti ìlú dé ìlú títí ó fi dé abúlé tí wọ́n ti jí i. Ohun tó mú bọ̀ kò pọ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì nínú rẹ̀ ni ìwé líle pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ kan tí àwòrán wà lójú wọn. Káàdì ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè é, ìwé àwòrán ni àwa ń pè é. Oríṣi mẹ́rin ni àwòrán ibẹ̀: owó wúrà, ife, idà àti kùmọ̀. Ẹni tó bá ní ìbéèrè á wá bá a, yóò fa ẹyọ kan, Ìyá Àgùdà á sọ ohun tí ẹyọ náà wí. Kì í jẹ́ kí ènìyàn fa èkejì. Ó ní ẹni tó bá fa méjì, èyí tó wù ú ló ń wá kiri, kì í ṣe òótọ́.

Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì nígbà tí mo ń wí yìí. Èmi ni mo máa ń jókòó tì í, tí mo ń pe orúkọ èyí tó bá jáde, òun á túmọ̀ rẹ̀. Ewé tábà ló fi ń san án fún mi. Láàárín ìgbà tí mo fi jókòó bẹ́ẹ̀, mo ti mọ gbogbo rẹ̀ bí mo ṣe mọ ọ̀nà odò. Ẹlẹ́ṣin mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ẹlẹ́ṣin kùmọ̀, àlejò oníjà ni. Ẹlẹ́ṣin owó, oníṣòwò ni. Ẹlẹ́ṣin idà, ìròyìn ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹlẹ́ṣin ife ló dára jù nínú wọn. Òun ló ń sọ pé ẹni tí ò ń retí ti wà lọ́nà, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ṣófo. Bó bá jáde tí orí ẹṣin dojú kọlẹ̀, yóò pẹ́ lọ́nà, ṣùgbọ́n yóò dé náà ni. Kò sí bí a ṣe lè yí ìwé yẹn po tí yóò fi di ikú.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà kan, ìyàwó wá pẹ̀lú ìgbín mẹ́ta nínú ewé, ó kúnlẹ̀.

"Kí lo fẹ́ mọ̀, ọmọ mi?" Ìyá Àgùdà bi í.

"Ọkọ mi ni, Ìyá. Ṣé ó ń bọ̀?"

Ó fa ìwé kan, ó yí i síta. Ẹlẹ́ṣin ife ni, orí ẹṣin wà lókè gbọn-ọn. Mo rí i kí òun tó rí i dáadáa, inú mi sì dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Àbúrò mi ń bẹ láàyè! Mo ti la ẹnu láti pe orúkọ rẹ̀. Àmọ́ ọmọ náà kò wo ẹṣin, kò wo ọkùnrin tó gùn ún. Ife tó wà lọ́wọ́ onítọ̀hún ló ń wò, ife gbàǹgbà tó ní ìdérí.

"Igbá ni," ló wí, ohùn rẹ̀ sì kéré. "Igbá ọlọ́mọrí ni. Wọ́n ti gbé e fún un."

Ó da ojú ìwé náà délẹ̀, ó figbe ta, ó sì sáré jáde.

"Kí ló fà?" Ìyá Àgùdà na ọwọ́ síwájú bí ẹni ń tálẹ̀. "Kí ni mo ṣe fún un? Ìwé wo ló jáde?"

Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kí n sọ. Ẹ̀rín àwọn obìnrin etí odò ló bọ́ sí mi létí. Mo ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, Ìyá. Ó ti túmọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀." Mo sì kó ìgbín náà sínú ìkòkò. Mo ní lọ́kàn mi pé kó sunkún di alẹ́, bó bá di ọ̀la n ó sọ fún un.

Ọ̀la dé, ó wá kúnlẹ̀ bá mi, ó pè mí ní ìyá òun, ó ní kí n forí ji òun fún ọ̀rọ̀ ọjọ́ odò. Mi ò rí irú rẹ̀ rí láti ìgbà tó ti wọlé wa. Ó fún mi ní ẹran ọbẹ̀ rẹ̀, ó wẹ ẹsẹ̀ mi. Mo ń jẹ adùn rẹ̀. Mo tún sún un di ọ̀túnla.

Lọ́jọ́ kẹta, olórí ilé wa àti ọbàkan náà wá bá Ìyá Àgùdà, ìyàwó kò bá wọn wá. Olórí ilé ní, "Ìyá, a gbọ́ pé ìwé yín ti sọ pé ọmọ wa kú. Òótọ́ ni àbí irọ́?"

Ìyá Àgùdà kọjú sí mi. "Ìwọ lo ríran, ọmọ mi. Èwo ló jáde lọ́jọ́ náà?"

Bí mo bá ní ẹlẹ́ṣin ife ni, wọ́n á bi mí pé kí ló dé tí mo jẹ́ kí wọ́n sunkún alààyè fún ọjọ́ mẹ́ta, ìyẹn sì jẹ́ èèwọ̀ tó tó lé ènìyàn nílé. Wọ́n ti lé mi nílé ọkọ. Bí wọ́n bá tún lé mi nílé bàbá, ibo ni mo fẹ́ gbà?

"Ẹlẹ́ṣin idà ni," ni mo wí.

"Orí ẹṣin wà lókè?"

"Ó wà lókè."

Ìyá Àgùdà mi orí. "Ẹ̀jẹ̀ ni nígbà náà. Ẹ máa ṣe orò yín."

Wọ́n gbẹ́lẹ̀ yàrá àbúrò mi, wọ́n sin aṣọ tó fi ń sùn àti fìlà rẹ̀ síbẹ̀ dípò òkú rẹ̀. Èmi ni mo tú irun orí ìyàwó náà, torí èmi ló yẹ kó tú u. Oṣù mẹ́ta ló fi jókòó opó lórí ẹní kan, èmi ni mo ń gbé omi fún un. Kò sí ọjọ́ tí mi ò fi ní i lọ́kàn pé n ó sọ ọ́. Ẹnu mi a sì wúwo. Kí òjò ọdún náà tó dá, Ìyá Àgùdà kú, wọ́n kó ìwé rẹ̀ sábẹ́ orí rẹ̀ sin ín. Ó wá ku èmi nìkan tó mọ ìtumọ̀ ìwé náà. Wọ́n ṣú opó fún ọbàkan wa. Ọwọ́ rẹ̀ yá ju ẹnu rẹ̀ lọ, gbogbo àgbàlá ló máa ń gbọ́ ọ bó bá ń lu obìnrin náà. Obìnrin náà lóyún fún un.

Oyún náà ti yọ síta dáadáa nígbà tí àbúrò mi wọlé lọ́sàn-án gangan, ó ru, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń wọ́ nílẹ̀, ó di aṣọ sányán kan mọ́ abíyá. Àwọn ọmọdé sá. Àwọn àgbà dìde, wọ́n fẹ̀yìn rìn. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n ń pe ẹni tí wọ́n ti sin tó sì tún yọ lọ́nà: àkúdàáyà. Ó bẹ̀ wọ́n fún omi, kò sẹ́ni tó bù ú. Ó wọ yàrá rẹ̀, ó rí òkìtì ilẹ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ rẹ́, ó jáde.

"Ta ni ẹ sin síbẹ̀?"

Ó pe ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà ti ilẹ̀kùn pa, ó ń pariwo nínú ilé pé kó padà sí ọ̀run, kó má gbé ọmọ inú òun lọ. Àbúrò mi gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ. Ó wá wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ fún wọn pé èmi ni."

Mo mọ̀ pé òun ni. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí ìwé náà ti ṣí. Olórí ilé yíjú sí mi, ó ní, "Ìwọ lo rí ẹlẹ́ṣin idà. Ṣé o tún fẹ́ sọ pé ìwé ìyá purọ́ ni?" Mo wo ilẹ̀. Mi ò sọ pé òun ni, mi ò sì sọ pé òun kọ́. Àbúrò mi dúró dè mí díẹ̀. Ó gbé aṣọ náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilẹ̀kùn ìyàwó rẹ̀, ó gba ọ̀nà tó gbà wá padà. A ò rí i mọ́.

Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e ni obìnrin kan ní Erunmu sọ fún ìyàwó náà pé ọkọ rẹ̀ àtijọ́ sùn sí ilé òun, pé ó jẹ iyán, ó ní ibà, ó laágùn, òun sì fi omi gbígbóná wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ní egbò. Òkú kì í ní egbò tó ń ṣọyún. Ìyàwó náà rin ọ̀nà náà padà wá tòun ti oyún, ó wólẹ̀ níwájú mi, ó di ẹsẹ̀ mi méjèèjì mú. Mo rò pé ó ti mọ irọ́ tí mo pa. Mo tilẹ̀ fẹ́ kó ti mọ̀.

"Ìyá mi," ló wí, "gbogbo ilé yìí ló sọ pé ó kú, èmi pàápàá sọ ọ́. Ẹ̀yin nìkan lẹ ò fẹnu yín sọ ọ́ rí láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ọlọ́run á san án fún yín."

Mo gbé ọwọ́ lé e lórí. Mo ní kó dìde, kó máà fi oyún wọ́lẹ̀.