Bàtà Ìyá Ìyàwó Mi

Ẹnu géètì ni ìyá ìyàwó mi máa ń bọ́ bàtà sí nígbàkígbà tí wọ́n bá wá kí wa ní Ìlíṣàn. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń rìn yí ọgbà ká. Wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí ilẹ̀." Èmi ọ̀mọ̀wé a máa rẹ́rìn-ín sínú.

Lọ́dún kan, nítorí pé n ò fẹ́ kí ẹrẹ̀ ba bàtà mi jẹ́, mo da kọnkéré sí gbogbo ọgbà, títí dé ìdí igi àgbálùmọ̀ tí ìyá ìyàwó mi gbé wá láti Akaka nígbà tí a bí ìbejì. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé kọnkéré, wọ́n sì wọ bàtà wọn padà.

"Kí ni igi yìí yóò máa mu?"

"Òjò ń rọ̀, Mà."

"Orí sìmẹ́ńtì ló ń rọ̀ sí."

Kò pẹ́ tí ewé fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Mo ra oògùn kòkòrò, mo fín in títí. Igi ò sàn, èmi ni mo ń wúkọ́.

Nígbà tí wọ́n tún máa wá, dígà ni wọ́n gbé sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Wọ́n nà án sí mi. Mo fọ́ kọnkéré kúrò ní ìdí igi, òógùn bò mí. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ti ẹsẹ̀ bọ inú iyẹ̀pẹ̀, wọ́n mí kanlẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, kí gan-an lo ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé?"

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni mo kọ ọ́ gàdàgbà sójú pátákó pé kò sí ohun ẹlẹ́mìí tó lè wà láìsí ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́.

"Ìṣirò ni, Mà."