Bọ́ọ̀lù Tó Ń Sọnù Lápá Òsì

Mo rántí ìgbà tí bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹ̀rọ géèmù jà. Láti kíṣìnì ni mo ti máa ń gbọ́ páàdì, ohun tí a fi ń darí géèmù, tí wọ́n fi ń lu itan wọn, pà, pà, kí ohùn wọn tó tẹ̀ lé e: "Ìyá mi, nǹkan yìí ti gbó o! Bọ́ọ̀lù tún ti pòórá." Èmi ni wọ́n ń pè ní ìyá mi. Kò pẹ́ tí ìyá wọn kú ni wọ́n bí mi, nítorí náà láti ìgbà tí mo wà nínú ọ̀já ni mo ti di ìyá ẹni tó bí mi, oyè tí kò ní owó oṣù, àmọ́ tí wàhálà rẹ̀ kì í tán.

Olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá mi. Nígbà tí màmá mi kú, wọ́n jókòó sí pálọ̀ ilé wa ní Ìlódè, wọ́n kọjú sí ògiri, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kò sì ju "mo gbọ́" àti "ó dáa" lọ. Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń lọ ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn, ló fi ẹ̀rọ géèmù rẹ̀ sílẹ̀ fún wa, bóyá nítorí pé ẹrù rẹ̀ ti pọ̀ jù. Lọ́jọ́ kan tí èmi nìkan ń ta géèmù bọ́ọ̀lù orí rẹ̀, bàbá mi gbójú kúrò lára ògiri. Wọ́n ní igun tí mo ti gbá bọ́ọ̀lù yẹn kò bá ìṣirò mu rárá. Mo na páàdì kejì sí wọn, wọ́n sì gbà á. Láti ìgbà náà, tí wọ́n bá ti kí ìrun Mọ̀gàríbì tán, a ó ta á títí oúnjẹ yóò fi délẹ̀. Tí wọ́n bá jẹ mí, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, ọmọdé kò lè rí i ní ìdúró. Ẹ̀rín yẹn ni mo ń ta géèmù fún. Ẹni tó bá ti gbé pẹ̀lú bàbá tó ń wo ògiri yóò mọ ohun tí mò ń sọ.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ pé ẹ̀rọ ti gbó bẹ̀rẹ̀, mo kọ́kọ́ fi ṣẹ̀fẹ̀ ni. Èmi ni mo ń jẹ wọ́n nígbà náà, mo sì gbà pé ọgbọ́n mi ló pọ̀ sí i. Apá òsì ni mo ti máa ń gba wá. Mo á sáré lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá níbẹ̀, kò ní sẹ́ni tí yóò lé mi, mo á sì gbá a sílé. Mo tilẹ̀ ń sọ fún àwọn ará ibi iṣẹ́ mi pé ọwọ́ mi ti dá ṣáṣá. Àfi ìgbà tí bàbá mi gbé páàdì kalẹ̀ láàárín ìdíje, tí wọ́n ní, "Ó tó, ìyá mi. N kò ta mọ́," tí wọ́n sì tún kọjú sí ògiri. N kò lè jẹ oúnjẹ tí mo fọwọ́ ara mi sè.

Àsìkò yẹn kan náà ni àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ géèmù gbé òmíràn jáde. Kì í ṣe ìran tuntun, kì í sì í ṣe ti àtijọ́, agbedeméjì ni, owó rẹ̀ sì ga ju ti àwọn méjèèjì lọ. Wọ́n ní àwòrán rẹ̀ mọ́ ju ti ìṣáájú, wọ́n ní ó yá, wọ́n ní nǹkan kan kì í fà tàbí kó sọnù lójú rẹ̀ mọ́. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló mú mi lọ́kàn. Tí mo bá wà lẹ́nu ìsinmi ọ̀sán níbi iṣẹ́, mo á fi imú kan fóònù, mo á máa wo àwọn ọkùnrin tó ń fi koríko pápá ti àtijọ́ wé koríko pápá ti tuntun. N kò rí ìyàtọ̀ kankan. Mo ní fóònù mi ni kò dáa.

Mo pe àbúrò mi. "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò," ó ní. "Ilé àtijọ́ tí wọ́n kùn ní ọ̀dà ni. Géèmù tí ẹ ti ń ta náà ni ẹ ó máa ta lórí ẹ̀. Tẹlifíṣàn wa yẹn gan-an ò lè gbé àwòrán tí wọ́n ń pariwo ẹ̀. Kò tún ní ẹnu tí ẹ máa ki díìsì géèmù bọ̀, dátà lẹ ó máa rà sí i lójoojúmọ́. Ẹ fi owó yín tún òrùlé ẹ̀yìnkùlé ṣe." Òótọ́ ló ń sọ, mo sì mọ̀. Àmọ́ Ìbàdàn ló wà, kò gbọ́ bí páàdì ṣe ń dún lórí itan bàbá wa. Bí mo bá gbọ́ pé dọ́là tún ti gbówó lórí, mo á tún owó tó wà lọ́wọ́ mi kà. Bí n kò bá tètè rà á, ọwọ́ mi kò ní tó o mọ́. Bí mo bá sì rà á tí kò ṣiṣẹ́ fún wọn ńkọ́? Mo á ti ná owó òrùlé, bàbá mi á sì tún ní ògiri wọn láti wò.

Ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà tí n kò kà sí. Aránṣọ tó ń jókòó sápá òsì ẹnu ọ̀nà wa dá mi dúró láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ní, "Ẹ wò ó, bàbá yín ti ń gbéra ga o. Mo kí wọn, kí wọn, wọn ò dá mi lóhùn, wọ́n kọjá lọ bí ẹni pé ajá ló ń gbó." Mo bẹ̀ ẹ́ gan-an. Ní Ìlódè, ẹni tí kò bá jẹ́ kíkí ti ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́ nìyẹn. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún bàbá mi, ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n wọra. "Èmi? Èmi tí mo ń dá àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lóhùn! Kò kí mi." Lẹ́yìn náà wọ́n ti Ẹnuwá dé, eruku kún fìlà àti èjìká òsì wọn, wọ́n ń ṣépè fún ọlọ́kadà kan tí wọ́n ní ó jáde sí wọn láti inú afẹ́fẹ́. Èmi náà bá wọn ṣépè. Mo ní ọ̀fọ̀ màmá mi ló ń da ọkàn wọn láàmú, aránṣọ sì fẹ́ràn ẹjọ́, ọlọ́kadà kò sì ní sùúrù. Gbogbo aláǹgbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Níkẹyìn, mo pinnu pé mo máa rà á. Mo fẹ́ gbé e wọlé láìsọ fún wọn, àmọ́ ẹnu mi kò gbà á, mo sọ ọ́. Sí ìyàlẹ́nu mi, bàbá mi dìde, wọ́n ń wá fìlà. Wọ́n ní a jọ ń lọ ni. "Gílóòbù lásán, ta ló ń rà á láìtàn án wò? Ká tó sanwó, a ó ta á níbẹ̀." Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n. Wọn kì í ra tọ́ọ̀ṣì láìtàn án, wọn kì í ra ṣítóòfù láìdáná sí i, ó sì ti dójú tì mí ní ṣọ́ọ̀bù tó pọ̀.

Ṣọ́ọ̀bù tí a lọ wà ní Mayfair, lójú ọ̀nà yunifásítì. Wọ́n kọ ọ́ sára pákó kan lára ògiri pé ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Ọ̀dọ́kùnrin tó ni ín bọ̀wọ̀ fún bàbá mi, ó fa àga fún wọn níwájú tẹlifíṣàn ńlá kan, ó sì tan ẹ̀rọ tuntun náà. Mo jókòó sápá ọ̀tún wọn.

"Bàbá, ẹ wo koríko yẹn," ọlọ́jà ń wí. "Ẹ wo òógùn lójú wọn!"

"Ó mọ́ rekete," bàbá mi fèsì. Ohùn wọn yá gágá. Wọ́n kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù kan sílé mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo sì ti ki ọwọ́ bọ inú báàgì mi láti mú káàdì ìfowópamọ́ jáde. Mo sọ lọ́kàn mi pé òrùlé lè dúró.

Lẹ́yìn náà ni bọ́ọ̀lù bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀, mo sì gba ọ̀nà mi àtijọ́ lọ, apá òsì. Bàbá mi dáwọ́ dúró. Pà, pà, páàdì ba itan wọn. "Ó tún ti pòórá. Ọ̀gbẹ́ni, ẹ̀rọ tìẹ náà ti gbó."

Ọlọ́jà bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ ọ̀tọ̀, tẹlifíṣàn ọ̀tọ̀, bọ́ọ̀lù ṣì sọnù síbi kan náà. Ọlọ́jà mú omi tútù wá, ó dúró sápá òsì bàbá mi, ó tẹrí ba, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì na omi náà sí wọn. Wọn kò gbà á. Wọn kò dúpẹ́, wọn kò tilẹ̀ ní àwọn kò fẹ́. Bàbá mi, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí ni wọ́n fi tọ́ wa, ń wo iwájú, omi ń kán sílẹ̀ láti ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ aránṣọ àti ọlọ́kadà Ẹnuwá padà wá sí mi lọ́kàn. Apá òsì ni gbogbo wọn ti wá. Mo gba omi náà lọ́wọ́ ọlọ́jà, mo sì fi sọ́wọ́ ọ̀tún wọn.

Báwo lọmọ ṣe ń sọ fún bàbá rẹ̀ pé ẹ kò ríran? Mo kàn ní kí ọlọ́jà má bínú, a máa padà wá. Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wa lọ sílé, mo jókòó sápá òsì wọn, mo ń wo ojú wọn, wọn kò sì mọ̀ pé mò ń wò wọ́n. Nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ délé, wọ́n ní:

"Ìyá mi, kì í ṣe ẹ̀rọ, àbí?"

Mo di ọwọ́ wọn mú.

"Ó pẹ́ tí mo ti ń fura," wọ́n ní. "Mo kàn ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ ẹ̀rọ ni. Ẹ̀rọ ṣe é pààrọ̀."

Mo sunkún nínú kẹ̀kẹ́ yẹn, n kò sì bo ojú. Ẹni tí mo rò pé ó ń fẹ́ ohun tuntun kò fẹ́ ohun tuntun rárá, àwáwí ló ń wá.

Dókítà ojú tí mo mú wọn lọ rí ní àìsàn kan ni, tó ń jẹ ojú láti ẹ̀gbẹ́ wọ àárín, tí kì í dunni, tí kì í pọ́n, tí onítọ̀hún kì í sì í tètè mọ̀. Ojú òsì ló ti bà jẹ́ jù. Ó ní èyí tó ti lọ kò lè padà mọ́, àmọ́ òògùn tí a ó máa kán sí i lójoojúmọ́ lè dá èyí tó kù sí. Bí a bá jẹ́ kó pẹ́ sí i, ó ní, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ. Ibẹ̀ ni owó òrùlé lọ. Bí òjò bá ń rọ̀, a ṣì ń gbé bàsíà sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ̀rọ àtijọ́ náà la ṣì ń ta. Nígbà tí àbúrò mi wá fún Iléyá, ó béèrè ìdí tí àga bàbá fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri òsì bẹ́ẹ̀. Bàbá mi ni wọ́n wọn igun rẹ̀ fúnra wọn, wọ́n ní tí àwọn bá jókòó síbẹ̀, gbogbo tẹlifíṣàn á bọ́ sápá ọ̀tún àwọn. Wọ́n ní iye tí àtúnṣe yẹn ná àwọn ni àtigbé àga. Aránṣọ náà ti gbọ́, ó sì ti bẹ̀bẹ̀. Láàárọ̀, á kọ́kọ́ sọdá sápá ọ̀tún kó tó kúnlẹ̀ kí wọn. Ìdáhùn wọn sì máa ń gùn ju kíkí rẹ̀ lọ.

Àwọn ará ibi iṣẹ́ mi ṣì ń bi mí bóyá ẹ̀rọ agbedeméjì yẹn tó ohun tí èèyàn ń rà, nítorí wọ́n mọ̀ pé mo ti fọwọ́ kàn án. Mo máa ń sọ fún wọn pé koríko rẹ̀ dára, mi ò sì ní ohun mìíràn láti sọ nípa rẹ̀, torí pé n kò wo koríko mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, tí mo bá ti kán òògùn sójú bàbá mi tán tí a sì bẹ̀rẹ̀, tí bọ́ọ̀lù bá ti ń yí lọ sápá òsì, orí wọn ni mo ń wò, bóyá yóò yí tẹ̀ lé e. Mo á di èémí mi mú. Tó bá yí, mo á mí, mo á sì jẹ́ kí wọ́n gba bọ́ọ̀lù náà.