Ẹ̀gbọ́n Tó Nàka sí Àbúrò Rẹ̀

Àǹtí Onígò ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò sí ibi tó ń lọ tí kì í kó ìgò wẹ́wẹ́ dání. Ó rí gọ́tà, á bu díẹ̀ níbẹ̀. Ó rí kànga, á bu díẹ̀. Àwọn aládùúgbò máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí èèyàn bá gbé tíì fún un, ilé àyẹ̀wò ni yóò kọ́kọ́ gbé e lọ kó tó mu ún. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa yẹ omi, ilẹ̀ àti èéfín ilé-iṣẹ́ wò, kó sì gba àwọn tó ni ín nímọ̀ràn bí wọn ò ṣe ní fi ìdọ̀tí wọn pa ará ìlú. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ.

Lẹ́yìn àdúgbò wọn ni ilé-iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ti ń yọ́ òjé inú bátìrì mọ́tò tó ti kú. Àwọn tó ni ín ló pè é wá fúnra wọn. Ohun tó bá níbẹ̀ kò dáa rárá. Àáké ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń la bátìrì lórí ilẹ̀ lásán. Ásíìdì inú rẹ̀ ń ṣàn lọ sínú gọ́tà tó gba ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kọjá, èéfín ìléru sì ń bà lé aṣọ tí àwọn ìyá ọmọ sá sóòrùn. Ó ní kí wọ́n fi asẹ́ sẹ́nu ibi tí èéfín ń gbà jáde, kí wọ́n sì gbẹ́ kòtò onísìmẹ́ńtì fún ásíìdì. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n sìn ín dé ẹnu géètì, wọn ò sì ṣe nǹkan kan.

Kò pẹ́ tí gìrì fi mú ọmọbìnrin téílọ̀ kan ní jẹ́lé-ó-sinmi yẹn. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló kú sí. Dókítà ní òjé ló kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Àǹtí Onígò ti sọ pé, “Ìmọ̀ràn ò ràn wọ́n. Ó ku ariwo.”

Wàhálà ibẹ̀ ni pé àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo, ń ṣiṣẹ́ nídìí ìléru náà. Ó wá bá a nílé, níbi tí Àǹtí Onígò àti ìyá wọn jọ ń gbé.

“Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ẹnu yín kúrò lára ibi iṣẹ́ wa. Ìyàwó mi lóyún.”

“Ìdí tí mo fi ń pariwo gan-an nìyẹn. Òjé lò ń gbé lọ bá a lára aṣọ rẹ lójoojúmọ́.”

“Ebi wá ńkọ́? Ebi ò ní pa oyún?”

Kí ẹ̀gbọ́n tó dáhùn, àbúrò ti la ife ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ògiri. Àfọ́kù rẹ̀ gé ìyá wọn lẹ́sẹ̀. Ọmọ tó jẹ́ pé nígbà tó wà ní kékeré, bí ẹnì kan bá tẹ èèrà pa lójú rẹ̀, ẹkún ni!

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Àǹtí Onígò àti àwọn ìyá ọmọ dá láti fi ẹ̀hónú hàn, wọ́n dí ẹnu géètì ilé-iṣẹ́ náà, ọkọ̀ akẹ́rù kankan ò lè wọlé. Fóòmànù, ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́, gun orí àga, ó nawọ́ sí Àǹtí Onígò. “Obìnrin yìí ló fẹ́ já oúnjẹ gbà lẹ́nu ọmọ yín o! Ṣé ẹ máa gbà?”

Àwọn òṣìṣẹ́ ò gbà. Wọ́n fi aṣọ di imú, wọ́n sì tú jáde tàwọn tọ̀pá irin. Téílọ̀ yẹn, ìyá ọmọ tó kú, ni wọ́n kọ́kọ́ bà. Eyín rẹ̀ méjì jábọ́ sínú yẹ̀pẹ̀. Àǹtí Onígò ò sá. Igi tí wọ́n kan pátákó mọ́ ló gbé, ó sì là á mọ́ ọkùnrin kan nímú. Ẹ̀jẹ̀ tú yàà. Òmíràn gba ẹ̀gbẹ́ yọ, ó gbé irin sókè. Obìnrin náà fi ọwọ́ òsì bo orí. Ó gbọ́ ìró eegun kó tó mọ̀ pé ó ń dun òun. Nígbà tí irin tún gòkè lẹ́ẹ̀kejì, aṣọ já bọ́ kúrò nímú ẹni tó gbé e.

Àbúrò rẹ̀ ni.

Wọ́n wo ara wọn. Ó rí i pé ẹ̀gbọ́n òun ni. Síbẹ̀, ó la irin náà mọ́ ọn, ó sì ṣẹ́ eegun èjìká rẹ̀.

Nílé ìwòsàn, ìyá wọn jókòó ti bẹ́ẹ̀dì. “Sọ pé o ò rí ojú ẹnikẹ́ni.”

“Ìyá, ó rí tèmi.”

“Inú kan náà lẹ ti wá!”

“Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé.”

“Ó dáa. Bí o bá nàka sí ọmọ mi, màá kó ẹrù mi kúrò nílé rẹ.”

Ó nàka sí i. Wọ́n to àwọn ọkùnrin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó sì fi ọwọ́ tó kù fún un tọ́ka. Ìyá wọn kó ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n Àǹtí Onígò ti bẹ dókítà pé kó yẹ ẹ̀jẹ̀ àbúrò òun wò. Òjé inú rẹ̀ pọ̀ ju ti ọmọ tó kú lọ, dókítà sì sọ nílé ẹjọ́ pé irú rẹ̀ lè sọ oníwà tútù di onínúfùfù.

“Ṣé ò ń bẹ̀bẹ̀ fún un ni?” Adájọ́ ló bi í bẹ́ẹ̀.

“Rárá, olúwa mi. Òun ló ṣẹ́ mi lápá. Àwọn ilé-iṣẹ́ yẹn ló sì fi májèlé kún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kí ẹjọ́ má fi ọ̀kan sílẹ̀.”

Wọ́n rán àbúrò rẹ̀ lẹ́wọ̀n. Wọ́n rán fóòmànù pẹ̀lú, tirẹ̀ sì gùn ju ti àbúrò lọ. Wọ́n ti ilé-iṣẹ́ náà pa títí asẹ́ èéfín fi wọlé, tí kòtò ásíìdì sì parí.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí Àǹtí Onígò lọ wo àbúrò rẹ̀ lẹ́wọ̀n, àbúrò náà tutọ́ sí i lójú. Ẹ̀gbọ́n nu itọ́ kúrò, ó fi ọṣẹ àti oògùn tó ń fọ òjé kúrò lára sílẹ̀ fún un, ó sì tún lọ lóṣù tó tẹ̀ lé e. Kì í ṣe pé inú ò bí i. Nǹkan mìíràn tún ń jà á lọ́kàn tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni: nígbà tí igi yẹn fọ́ ọkùnrin ọjọ́sí nímú, inú rẹ̀ dùn. Ó ń wù ú kó tún un ṣe.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dá àbúrò rẹ̀ sílẹ̀, Àǹtí Onígò bá ìyá wọn lẹ́nu géètì ọgbà ẹ̀wọ̀n. Láti ìgbà tí màmá ti kó lọ, wọn ò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí ọkùnrin náà ṣe yọjú, ìyá gbá a létí gbọ̀n-ọ́n. “Tọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ tó o ṣẹ́ nìyẹn.” Ó yíjú, ó gbá ẹ̀gbọ́n náà létí pẹ̀lú. “Tèmi nìyẹn.” Wọ́dà tó ń ṣọ́ géètì sún sẹ́yìn, bóyá ó rò pé òun ló kàn.

“Ẹ wọnú mọ́tò,” ìyá wọn pàṣẹ.

Kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyá jókòó sáàárín wọn lẹ́yìn takisí, ó sì di ọwọ́ àwọn méjèèjì mú tipátipá bí ẹni tó mú olè, títí wọ́n fi délé.